Urge, prod, goad, egg on, provoke, incite: èwo lẹ máa mú, èwo lẹ máa fi sílẹ̀

Ìyá kan wà níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mò ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní àwọn ò jẹun. Mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n léèrè ọmọ wọn, mo bi wọ́n léèrè ajá tí wọ́n sìn nígbà kan, mo fi ṣíbí sí wọn lọ́wọ́, mò ń rọ̀ wọ́n, mò ń dúró, mo tún ń rọ̀ wọ́n, títí wọ́n fi jẹ ìdajì pòtétò inú àwo yẹn. Inú mi dùn gan-an ni. Mo bá lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn pé "I kept pushing her until she ate." Ohun tó wà lọ́kàn tèmi ni pé mi ò jẹ́ kó sú mi. Ilẹ̀ mọ́, mánéjà pè mí wọ ọ́fíìsì, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní ibo lára ìyá yẹn ni mo ti tì wọ́n. Wọ́n ti yẹ apá wọn àti èjìká wọn wò kí n tó dé, wọ́n ń wá ojú ibi tó bá wú.

Ó gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọ̀rọ̀ yẹn tó rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà jù mí lọ, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Àbúrò, encouraged ni wọ́n ń kọ níbí, tàbí prompted. Push tó o kọ yẹn, ọwọ́ wà nínú ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń wo oògùn, tí mo ń wò ó bóyá ti orí fífọ́ ni àbí ti inú rírun.

Ẹ wò ó, àwa náà ní tiwa lóríṣiríṣi. A ní rọ̀, a ní pàrọwà, kì láyà, sún, tì, gún ní kẹ́sẹ́, fín níràn, wá níjà, ru sókè, dẹ sí. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọmọ Yorùbá pé èèyàn kì í fín ìyá àgbà níràn kí wọ́n lè jẹun. Wọ́n bí wa bá a ni. Gẹ̀ẹ́sì tiwa la fi ìwé kọ́, dikṣọ́nárì tá a sì lò nílé ìwé, bó ṣe túmọ̀ ìkan ló túmọ̀ ìkejì, "to urge, to incite, to provoke", bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà o.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń bi ọ̀rọ̀ kan kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ọwọ́ tàbí igi wà nínú ẹ̀, àbí ẹnu lásán ni. Èkejì, bí nǹkan bá bàjẹ́, ta lọ̀rọ̀ yẹn ń di ẹ̀bi rù, ṣé ẹni tó sọ̀rọ̀ ni àbí ẹni tó ṣe é, èyí ló sì wúwo jù lójú tèmi torí òun ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, òun ló ń gbé èèyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta, ṣé ó ṣeé gbára lé, ṣé bó ṣe rí létí ará Èkó ló ṣe máa rí létí ará London, àbí á yí padà bó bá ti sọdá òkun.

Àwọn tí ò lọ́wọ́ nínú

Urge lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé torí ìwé ìròyìn Nàìjíríà kì í fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, gómìnà urges tibí, bíṣọ́ọ̀bù urges tọ̀hún. Rọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n rọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lóun ò ṣe, bó bá sì ṣe é tó bàjẹ́, òun ló ni ín. Àmọ́ ibì kan wà tó ti ń tan àwa ọmọ Yorùbá. Bá a bá ní "mo rọ̀ yín" ní tiwa, ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú ẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ jọ ẹ̀bẹ̀. "I urge you" ò rí bẹ́ẹ̀. Látinú urgere tàwọn Látìnì ló ti wá, tó jẹ́ kéèyàn máa ti nǹkan kó sì máa tẹ̀ ẹ́, agbára yẹn ṣì wà nídìí ẹ̀ dòní, torí náà bí ọmọ iṣẹ́ bá kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú òyìnbó, létí ọ̀gá yẹn ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń wàásù fún un, tàbí pé ẹnì kan ń kìlọ̀ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ rọ ọ̀gá, "I would like to ask" ti tó. Ẹ fi urge sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, fún olórí sí ará ìlú, fún dókítà sí aláìsàn.

Àwọn ìwé ìròyìn wa tún máa ń kọ tasks àti charges sípò urge, "group tasks governor on roads". Nílé, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá gbọ́ charged níbí, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Encourage ló ṣeé gbára lé jù nínú gbogbo wọn, kò wọ́n, kò sì já èèyàn kulẹ̀. Ọkàn ló wà nínú ẹ̀, cœur tàwọn ará Faransé, gẹ́lẹ́ bá a ṣe ń sọ pé a mú ẹnì kan lọ́kàn le. Prompt sún mọ́ ọn àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, rán létí ni prompt, bí ìgbà tí ẹnì kan bá fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé tó ń rọra sọ ọ̀rọ̀ fún òṣèré tó ti gbàgbé. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un dání dáadáa. "Prompted to take her tablets" túmọ̀ sí pé ẹ rán wọn létí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi mú oògùn náà lò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé oògùn lé wọn lẹ́nu, administered nìyẹn, ìwé ẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tó ní àṣẹ láti ṣe é ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín méjèèjì, ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ò sì kéré.

Coax ni ká fọgbọ́n pàrọwà, ká fi sùúrù ṣe é, ẹ lè coax ọmọdé tó ń ṣàìsàn, ẹ lè coax ológbò tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn míì á tiẹ̀ ní àwọn coax ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ láti dáhùn láàárọ̀. Ẹ má kọ ọ́ nípa àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé. Ó ń sọ ọ́ dọmọdé.

Ìgúnpá, ìka, irin àti ọ̀pá

Nudge: ìgúnpá ni. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, oorun ń gbé e lọ, ẹ fi ìgúnpá gbún un, ó lajú, kò sẹ́ni tó rí i. Ìyẹn ni nudge, kò dunni, kò sì dójú tini. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí débi pé nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lọ́dún 2010 tí wọ́n ń pè ní Behavioural Insights Team, Nudge Unit lorúkọ tí gbogbo ayé sọ ọ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti fọgbọ́n sún ará ìlú ṣe nǹkan láìjẹ́ pé wọ́n fòfin mú un, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹni tí ò tíì san owó orí pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn ti san tiwọn lásìkò, kò sí ìhàlẹ̀, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Richard Thaler, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí èrò yìí pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọrọ̀ ajé lọ́dún 2017. Bí ẹ bá ń dúró de èsì íméèlì tí èsì ò dé, "just a gentle nudge" ló yẹ kẹ́ ẹ kọ.

Prod ti le jù bẹ́ẹ̀. Ìka tàbí igi ni wọ́n fi ń prod, àwọn tó ń da màlúù ní èyí tó ń gbé iná mànàmáná tí wọ́n fi ń kàn án lára. Fún èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gàn kékeré kan lábẹ́: bí ẹ bá kọ ọ́ pé "he needs prodding", ẹ ti pè é lọ́lẹ, kódà bí ẹ ò bá ní in lọ́kàn. Mi ò ní lò ó nínú lẹ́tà tí mo fi ń ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Spur àti goad, ẹranko méjì ni. Spur ti ẹṣin, goad ti màlúù, bó ṣe rí lára ẹranko kọ̀ọ̀kan ló sì rí nínú ọ̀rọ̀ dòní. Spur ni irin mímú tí ẹlẹ́ṣin ń so mọ́ gìgísẹ̀, kẹ́sẹ́ là ń pè é, torí náà "spurred me on" àti "gún mi ní kẹ́sẹ́", inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ẹ lè fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Tottenham Hotspur tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1882, inú orúkọ ìnagijẹ jagunjagun kan ni Hotspur ti wá, Sir Henry Percy, tó kú sójú ogun ní Shrewsbury lọ́dún 1403, ẹni tó máa ń gún ẹṣin ẹ̀ ní kẹ́sẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó. Ohun tó dáa lára spur ni pé nǹkan ló sábà máa ń spur èèyàn, ikú bàbá ẹni, ìdójútì, owó tí ò tó, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ èèyàn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Bí onílù bá ń ki akọni títí orí ẹ̀ fi wú tó fò sókè, spur ló sún mọ́ ọn jù.

Goad ni ọ̀pá ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n fi ń gún akọ màlúù níbi tó ti ń fa ohun èlò ìtúlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì ti bá a pàdé láìmọ̀, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 26:14, níbi tí Olúwa ti ń bá Sọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ pé ohun ìrora ni fún un láti tàpá sí ẹ̀gún. Ẹ̀gún inú igbó la máa ń rò, èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Goads ló wà nínú àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ìgbàlódé, màlúù tó ń ta ọ̀pá ẹni tó ń dà á nípàá ni àwòrán yẹn, bó ṣe ń tàpá ni ọ̀pá ń wọlé sí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ẹni tó ń goad yín mọ̀ọ́mọ̀ ni, kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á gún yín lónìí, á gún yín lọ́la, títí ẹ ó fi ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa kábàámọ̀. "He goaded me into it." Ọ̀rọ̀ into yẹn ló ń tẹ̀ lé e, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Òkìtì iyanrìn méjì

Ẹ rántí ìjà ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ti jáde, báàgì ti wà nílẹ̀, àwọn méjì ń wo ara wọn bí àkùkọ, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kan. Ọmọ kẹta á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á kó iyanrìn jọ sí òkìtì méjì níwájú wọn, á ní eléyìí ọmú ìyá Ṣọlá, eléyìí ọmú ìyá Wálé, ẹni tí ò bá bẹ̀rù kó fẹsẹ̀ tú tẹnì kejì ká. Àwọn tó kù á yí wọn po, "Ojo ni! Ojo ni! Ṣé wàá gbà fún un ni?" Ẹsẹ̀ kan á gbá iyanrìn, erukuru á sọ, ìjà dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó kó iyanrìn jọ, òun ló instigate ìjà. Àwọn tó ń pariwo, they egged them on. Ẹni tó gbá iyanrìn ìyá ẹlòmíì, òun ló provoke ẹnì kejì. Bí tíṣà bá dé tí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ròyìn gbogbo wọn, ẹ ti fi ìyà ẹnì kan jẹ ẹlòmíì.

Egg on kì í ṣe ẹyin adìyẹ o. Èdè àwọn Viking tó wọ England láti Scandinavia ló ti wá, eggja, ó tan mọ́ edge, ojú idà, bíi kéèyàn máa pọ́n ẹlòmíì bí ọ̀bẹ. Àwa ní gbígbé ẹni gẹṣin aáyán. Ó fi ẹ̀bi sí àwùjọ lọ́rùn àmọ́ ẹ̀bi náà ò wúwo, ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni, ẹ lè bá ọ̀rẹ́ sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí ilé ẹjọ́. Nǹkan burúkú tàbí ìwà òmùgọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń egg èèyàn on sí.

Instigate ń yí padà bó bá sọdá òkun, ẹ ṣọ́ra fún un. Nílé, instigator, oníjàngbọ̀n ni. Níbí, ọ́fíìsì lè kọ lẹ́tà sí yín pé "we have instigated an investigation", wọn ò sọ pé wọ́n ṣe nǹkan burúkú, wọ́n kàn ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni. Nǹkan ni wọ́n ń instigate, ìjà, ìwádìí, ẹjọ́. Èèyàn kọ́.

Provoke ni mo fẹ́ dúró lé lórí torí òun la máa ń ṣì lò jù. Pro, síta, vocare, láti pè: ká pe nǹkan jáde. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí ìwé tó dé, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Provoke lè yọ méjèèjì. Nínú Bíbélì King James ti 1611, ní Hébérù 10:24, wọ́n ní ká máa provoke ara wa sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere, ti Yorùbá lo "ru", àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun ti yí i sí spur torí provoke ti kúrò níbi rere yẹn. Nínú Bíbélì kan náà, Éfésù 6:4, wọ́n ní kí baba má provoke ọmọ sí ìbínú. Ní òde òní, ti Éfésù ló borí fún èèyàn. Fún nǹkan, ó ṣì lè dáa: bí wọ́n bá ní ìwàásù yín jẹ́ thought-provoking, wọ́n yìn yín ni, ẹ dúpẹ́.

Ibi tí provoke ti yàtọ̀ sí goad ni pé èèyàn lè provoke ẹlòmíì láì mọ̀, ìdákẹ́jẹ́ lásán lè ṣe é. Ìyàtọ̀ kejì, ó ń pín ẹ̀bi sí méjì. Ẹ wo Zidane, ọjọ́ 9 oṣù Keje 2006, ní Berlin, àṣekágbá Ife Àgbáyé láàárín France àti Italy, bọ́ọ̀lù tó gbá kẹ́yìn láyé ẹ̀. Materazzi, agbábọ́ọ̀lù Italy, fa aṣọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Materazzi sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa arábìnrin Zidane. Zidane ti ń lọ, ó yíjú padà, ó forí kàn án láyà. Káàdì pupa. Italy gba ife náà nígbà tí wọ́n gbá pẹ̀nárítì, 5 sí 3. Nígbà tí FIFA wá jókòó lé e, wọ́n fi ìyà bọ́ọ̀lù mẹ́ta jẹ Zidane, wọ́n fi ti méjì jẹ Materazzi. Provoke nìyẹn ní ìṣirò: mẹ́ta fún ẹni tó kàn, méjì fún ẹni tó fín in níràn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tá à ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, abala 318, ẹni tó bá pààyàn nínú ìbínú òjijì torí pé wọ́n provoke ẹ̀, ẹ̀sùn á sọ̀ kalẹ̀ láti murder sí manslaughter. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò pa rẹ́. Torí náà ẹni tó bá kọ "he provoked me" sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun náà ti gbà pé òun ṣe nǹkan.

Incite

Kò sí èyí tó wọ́n tó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wà nínú ẹ̀, àti ìwà ipá tàbí ìkórìíra, òfin ló sì ni ín. Nínú àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lọ́dún 1948 lórí ìparun ẹ̀yà, ẹni tó bá incite ní gbangba, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, kódà bí kò bá gbé àdá. Lórí ẹ̀ ni wọ́n fi dá Jean-Paul Akayesu, tó ń ṣàkóso Taba ní Rwanda, lẹ́bi lọ́dún 1998 pẹ̀lú ẹ̀sùn ìparun ẹ̀yà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n kọ sí Donald Trump lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021, incitement of insurrection, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin 2007 kan mú ẹ̀sùn incitement àtijọ́ kúrò láti oṣù Kẹwàá 2008, ohun tí wọ́n sì fi rọ́pò ẹ̀ ni "encouraging or assisting" ìwà ọ̀daràn. Encourage yẹn kan náà tí mo ní kò wọ́n! Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú.

Nítorí náà ẹ má kọ ọ́ pé ẹnì kan incite yín láti ra fóònù. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ pé alága ń incite àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀sùn ọ̀daràn lẹ fi kàn án yẹn.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì, tíṣà ọmọ kékeré: encourage àti prompt, ẹ fi coax kún un fún ọmọdé, kí push, prod àti force má sún mọ́ ìwé yín àyàfi bó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń kọ íméèlì sí ọ̀gá: ask tàbí nudge. Ẹni tó ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́: urge, ó wọ̀ ọ́ gan-an. Ẹni tó ń kọ ìtàn ayé ara ẹ̀ fún yunifásítì: spur. Òbí tí iléèwé pè torí ọmọ jà: ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé ta ló kó iyanrìn, ta ló pariwo, ta ló gbá a, kẹ́ ẹ tó mú láàárín instigate, egg on àti provoke, bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, goad ni kẹ́ ẹ sọ, torí òun ló máa jẹ́ kí tíṣà béèrè ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ sítétímẹ́ǹtì fún ọlọ́pàá tàbí fún ibi iṣẹ́, mi ò ní fún un ní ìkankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ gan-an ni kó kọ, bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú aago tó sọ ọ́ àti ẹni tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló fi sọ ọ́, kó kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ògbufọ̀ wá yan èyí tó bá a mu.